Bí a Ṣe Ń Lo Bẹ́líìtì Inú Ọkọ̀, Láti Gáréèjì Kábà Títí Dé Ibi Tí À Ń Lọ

Bí ọkọ̀ bá ti gbéra ní Kábà, tó kọjú sí Ọ̀bájánà, ohùn kan wà tí ẹ máa ń gbọ́ kí ẹ tó dé ibi tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó dúró sí: "Ẹni tó wà níwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa bẹ́líìtì yẹn wá." Ìgbà tó ṣẹlẹ̀ sí mi kẹ́yìn, mo fa okùn náà, mo wá ibi tí mo máa kì í bọ̀, mi ò rí i. Dírẹ́bà ní, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ó ti kú tipẹ́. Ẹ kàn fi ọwọ́ mú un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí, wọn ò ní mọ̀." Mo mú un bẹ́ẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń pa irọ́. A kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà tiẹ̀ juwọ́ sí wa. A ò tíì rìn jìnnà tí bàbá yìí fi fẹ́ ya tírélà sìmẹ́ńtì kan sílẹ̀, ni òmíràn bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Búréèkì tó tẹ̀ lọ́jọ́ náà, iwájú orí mi ló gbà á mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Okùn yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Kókó tó yọ lórí mi ò ju ẹyin adìẹ lọ, ìyàwó mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo rò ó. Gbogbo wa, ojú Ròódù Séfútì la ń de bẹ́líìtì fún. Bí wọ́n bá ti yọ lẹ́yìn wa, a tú u. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kì í tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ó gbà pé ti ará iwájú nìkan ni. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà wa, ìbáà jẹ́ Lọ́kọ́jà, Ìyàrà, Mopà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Òmùò.

Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì

Ìkọlù mẹ́ta ló wà nínú ìjàǹbá ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ a kọlu nǹkan, a dúró. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò tíì dúró ní tirẹ̀. Eré tí ọkọ̀ ń sá tẹ́lẹ̀ lòun náà ṣì ń sá, títí sítíárìn, gíláàsì tàbí ẹ̀yìn ìjókòó iwájú á fi dá a dúró. Ìkẹta ló burú jù: ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti ìfun á lọ kọlu egungun tó yí wọn ká.

Eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní jẹ́jẹ́, bí ó bá kú lójijì, bí ìgbà tí èèyàn já láti orí ọ̀pẹ tó ga ní mítà 10 ni. Tó bá di 100, gíga náà kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 40.

Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ńtì wọ̀n ọ́n, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì kan lọ́dọ̀ wa. Kílò 50 ni. Ká ní ẹni kan wọn kílò 70, tí ọkọ̀ tó ń sá 50 sì dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ohun tó ń ti ẹni náà síwájú á tó tọ́ọ̀nù kan. Ogún àpò nìyẹn. Ẹni tó ní òun á fi apá òun tẹ dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, kó lọ gbìyànjú ogún àpò sìmẹ́ńtì wò ná. Ọmọ kílò 10 tó wà lórí itan ìyá rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó tó àpò mẹ́ta. Kò sí ìfẹ́ ìyá tó lè mú un dúró.

Ohun tí bẹ́líìtì ń ṣe ni pé ó ń pín ẹrù yìí sórí egungun tó lè gbé e: egungun ìbàdí, ìhà àti egungun èjìká. Ó tún ń fà díẹ̀, kí ara má bàa dúró gbọ̀n-ọ́n. Onímọ̀ ẹ̀rọ ará Sweden kan, Nils Bohlin, ló ṣe èyí tó gba èjìká àti ìbàdí papọ̀ fún Volvo ní 1959. Iṣẹ́ ìjókòó ọkọ̀ òfurufú ogun, èyí tí awakọ̀ fi ń fò jáde, ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò há a mọ́wọ́, wọ́n jẹ́ kí gbogbo oníṣẹ́ ọkọ̀ lò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè dín ewu ikú kù dé ìdajì fún ẹni tó bá dè é.

Ní gáréèjì, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí nìyí fún wa, nítorí ọkọ̀ èrò la sábà ń wọ̀. Ẹ má sanwó kí ẹ tó wo ìjókòó. Owó tó ti bọ́ sápò dírẹ́bà, ẹnu yín ò ní ràn án mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wá okùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ìjókòó. Ẹ fà á wá jẹ́jẹ́, ẹ rí i pé ó ń jáde, ẹ jẹ́ kó ká padà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ẹnu rẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó ní bọ́tìnì pupa. Ní ọkọ̀ tiwa, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn dírẹ́bà á ran ìbòrí sí ìjókòó kó má bàa dọ̀tí, ẹnu bẹ́líìtì á sì wọ abẹ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ ti ìka bọ ìlà tó wà láàárín ibi ìdí àti ibi ẹ̀yìn. Ẹ máa rí eruku, èèpo ẹ̀pà, bóyá náírà márùn-ún àtijọ́, lẹ́yìn náà lẹ óò kan nǹkan líle. Ẹ fà á jáde. Ẹ ki irin bọ̀ ọ́, kó dún "kó". Ẹ fa okùn náà, kó má yọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì pupa, kó yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdánwò kan kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ já okùn náà gbà lójijì, bí ìgbà tí ẹ bá ń já aṣọ lọ́wọ́ olè. Ó yẹ kó há. Bó bá kàn ń yọ ṣọ́ọ́ láìhá, ìgbànú ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni iye èrò. Ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré, bẹ́líìtì mẹ́ta ni wọ́n ṣe sí i, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin ni wọ́n ń kó sí i. Níwájú, wọ́n á tún fi ẹnì kan há àárín ẹ̀yin àti dírẹ́bà, tí itan rẹ̀ á máa bá ọ̀pá jíà jà. Ẹni yìí kò ní bẹ́líìtì rárá, bí ọkọ̀ bá sì dúró lójijì, ara ẹlòmíràn ló máa fi dúró. Bí agbára bá wà, ẹ san ti ìjókòó méjì kí ẹ lè jókòó dáadáa. Bí kò bá sí, ẹ tètè dé, kí ẹ yan ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí bẹ́líìtì ti ń ṣiṣẹ́. Nínú Sienna, ìjókòó ìlà kejì ni mo máa ń dù. Ẹni tó bá kẹ́yìn ni wọ́n máa ń tì sí ibi tí kò dáa.

Ẹ wo búùtù pẹ̀lú. Àsìkò iṣu tuntun, wọ́n á kó iṣu kún ẹ̀yìn débi tí á fi yọrí ju ìjókòó lọ. Iṣu kílò mẹ́ta tí kò ní ìdè, òun náà á fò síwájú, ẹ̀yìn orí yín ló sì máa bá. Ẹ ní kí wọ́n to ẹrù wúwo sísàlẹ̀, kó má ga ju ẹ̀yìn ìjókòó lọ.

Báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà? Àgbà ni ọ̀pọ̀ dírẹ́bà wa, wọn kì í fẹ́ kí ọmọdé kọ́ wọn níṣẹ́. Èmi máa ń kí wọn dáadáa ná. "Ọ̀kún o, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́." Tí wọ́n bá ti dáhùn, mo á ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ẹnu bẹ́líìtì yìí, ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí." Ẹ di ẹ̀bi náà ru ara yín. Tí ẹ bá sọ pé ẹ̀rù ń bà yín, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Tí ẹ bá sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ò dáa, ẹ wá ọkọ̀ míì.

Bí a ṣe ń dè é gan-an

1. Ẹ jókòó kí ìdí kan ẹ̀yìn ìjókòó. Ẹni tó bá sùn gbalaja, tó na ẹsẹ̀ síwájú, abẹ́ okùn ló máa yọ́ gbà.

2. Apá ìsàlẹ̀ okùn, orí egungun ìbàdí ni àyè rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ara. Kò gbọdọ̀ wà lórí ikùn. Ikùn kò ní egungun, bí okùn bá tẹ̀ ẹ́ nígbà ìjàǹbá, ìfun lè já.

3. Apá òkè gbọ́dọ̀ gba àárín àyà kọjá, kó gba orí egungun èjìká. Kó má rà mọ́ ọrùn, kó má sì yọ̀ bọ́ sí apá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ibì kan lára òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí a fi ń gbé e sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ lò ó.

4. Ẹ má fi gba abẹ́ apá. Ẹ má dà á sẹ́yìn. Àwọn obìnrin kan máa ń ṣe èyí nítorí ó ń tẹ̀ wọ́n láyà, àwọn ọkùnrin náà nítorí ooru. Okùn abẹ́ apá á ṣẹ́ ìhà, ìhà tó ṣẹ́ á gún ẹ̀dọ̀fóró.

5. Ẹ na okùn tó bá lọ́. Ẹ fa ti òkè sókè kí ó lè fún ti ìsàlẹ̀. Okùn òkè gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ àyà, kó má dẹ̀.

Ìjókòó àárín ẹ̀yìn nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ti ìbàdí nìkan ló máa ń ní. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀, kó wà nísàlẹ̀ dáadáa, kó sì fún. Ó sàn ju òfo lọ.

Ọjọ́ ìgbéyàwó ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó wọ agbádá á de bẹ́líìtì lé gbogbo aṣọ náà lórí, àyè tó wà nínú aṣọ yẹn nìkan ti tó gbé e dé gíláàsì. Ẹ ká agbádá sí èjìká, ẹ jẹ́ kí okùn wà lórí bùbá, kí ẹ tó da agbádá padà lé e. Ìyá tó ró ìró nípọn, kó fa okùn ìsàlẹ̀ gba abẹ́ ìgbátí ìró kọjá. Kọ́kọ́rọ́ àti fóònù tó wà lápò sòkòtò, ẹ yọ wọ́n kí okùn tó lé wọn.

Aboyún ń kọ́? Ìbéèrè yìí làwọn ìyá máa ń bi mí jù, nítorí ọ̀pọ̀ gbà pé bẹ́líìtì á pa ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dáàbò bo ìyá ló dáàbò bo oyún. Apá ìsàlẹ̀ yóò wà lábẹ́ ikùn, kó kan itan àti ìbàdí. Apá òkè á gba àárín ọmú méjèèjì, kó yà sí ẹ̀gbẹ́ ikùn. Kó máà sí èyí tó gun orí ikùn gangan. Bí aboyún bá ń wa ọkọ̀, kó fi ìjókòó sún sẹ́yìn kí ikùn má bàa sún mọ́ sítíárìn, níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì ń tó búréèkì.

Àwọn ọmọ

N kò ní fọwọ́ kékeré mú ibí yìí. Wọ́n ń gbé ọmọ wọ ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa bí ẹni gbé ẹrù kékeré: ìyá á pọn ọ́n sẹ́yìn, á fara tì í mọ́ ìjókòó, tàbí á gbé e sórí itan, á sì fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo yí àwọn méjèèjì ká. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù. Ìyá tó wọn kílò 65 á di nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan, ọmọ á sì wà láàárín rẹ̀ àti okùn. Ọ̀já tí a fi pọn ọmọ, aṣọ ni. Kò sí ohun tó so ó mọ́ ọkọ̀.

Ìjókòó ọmọ gan-an ni ojútùú, ìyẹn ìjókòó kékeré onike tó ní okùn tirẹ̀, tí a ń dè mọ́ ìjókòó ọkọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé fún ọmọ ọwọ́, ó lè dín ikú kù dé nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Tuntun wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé: ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́ wà nísàlẹ̀ tàbí lẹ́yìn ike náà. Ẹ wá ibi tí ike bá ti sán. Ẹ ka okùn rẹ̀, kó pé. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ibi tó ti wá, ó lè ti wà nínú ìjàǹbá rí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ ní láti kọjú sẹ́yìn, títí tí gíga tàbí ìwúwo rẹ̀ yóò fi ju ohun tí ìjókòó náà gbà lọ. Orí ọmọ tóbi, ọrùn rẹ̀ rọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ìjókòó ló yẹ kó gba agbára náà. Ibi tó yẹ ni ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ má gbé ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn síwájú níbi tí airbag bá wà, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde lójijì nígbà ìjàǹbá, nítorí bí ó bá bú, orí ọmọ ló máa kọlù. Nígbà tó bá dàgbà ju èyí lọ, á kọjú síwájú pẹ̀lú okùn inú ìjókòó náà. Lẹ́yìn èyí ni èyí tí wọ́n kàn fi ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì àgbà lè bá a mu.

Ẹ de ìjókòó náà mọ́ ọkọ̀, kí ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń fa okùn. Ẹ mì í. Bí ó bá ń yẹ̀ ju íǹṣì kan lọ, kò tíì fún. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 2003 wá ní irin méjì tó fara pamọ́ nínú ìlà ìjókòó ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìkọ́ ìjókòó ọmọ ń lọ. Camry àti Corolla tòkunbọ̀ tó kún ìgboro wa ní i, ẹni tó ni ín ni kò mọ̀. Okùn tó wà lára ọmọ, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ìka méjì ká a pọ̀ ní èjìká. Bí ẹ bá rí i ká, ó ṣì dẹ̀. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ fọwọ́ kan irin rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ sí i, nítorí oòrùn á ti sun ún.

Ìgbà wo ni ọmọ lè bá àgbà lo bẹ́líìtì? Ẹ má wo ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ìjókòó, kí orúnkún rẹ̀ ká létí ìjókòó, kí okùn òkè gba èjìká, kí ti ìsàlẹ̀ wà lórí itan. Bí ọ̀kan bá kù, kò tíì tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í tó kí wọ́n tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò lẹ wọ̀, ẹ ò sì ní ìjókòó ọmọ. Kí lẹ óò ṣe? Ọmọ tó lè dá jókòó, ẹ sanwó ìjókòó fún un, kí ẹ de bẹ́líìtì fún òun nìkan, lẹ́yìn. Ọmọ ọwọ́ tí ẹ kò rí ọgbọ́n míì dá sí, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ de bẹ́líìtì mọ́ ara yín nìkan, kí ẹ gbé ọmọ lé orí okùn, kó má wọ abẹ́ rẹ̀. Èyí kò dáàbò bo ọmọ. Ohun tó ṣe ni pé ẹ̀yin kò ní fi ara yín tẹ̀ ẹ́ pa.

Ohun tí òfin wí

Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ ti 2007, ìlànà ìrìnnà tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ti 2012. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò díjú: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì tó ń ṣiṣẹ́, awakọ̀ àti èrò sì gbọ́dọ̀ dè é, àti iwájú àti ẹ̀yìn. Èyí tó wà lẹ́yìn yẹn ni a máa ń gbójú fò.

Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦2,000. Kíkó èrò ju bó ṣe yẹ lọ jẹ́ ₦10,000, fóònù lílò nígbà tí ẹ ń wakọ̀ jẹ́ ₦4,000. Kí n sọ tinú mi, ₦2,000 ti kéré jù. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó lè má ra iṣu ńlá kan. Dírẹ́bà tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé èrò kan tó há sí àárín ti san án padà.

Orúkọ dírẹ́bà ló máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà, kì í ṣe ti èrò, ẹ sì lè fi èyí rán an létí tó bá ní kí ẹ má dè é. Ilé ìfowópamọ́ tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń san án, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó náà lójú títì. Wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì títí tí a ó fi san án. Ẹni tó bá gbà pé òun kò jẹ̀bi lè lọ sílé ẹjọ́.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tiyín

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan jáde tán pátápátá, títí dé òpin rẹ̀, kí ẹ wo gbogbo ara rẹ̀ nínú oòrùn. Ibi tó ti ń hú, ibi tí eku ti jẹ, ibi tí sìgá ti jó, ibi tí oòrùn ti jẹ́ kó le bí awọ: ìwọ̀nyí ti tó kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbé e fún aránbàtà. Mo ti rí bẹ́líìtì tí wọ́n fi òwú bàtà rán tó mọ́ tónítóní, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n òwú yẹn kò lè gbé ogún àpò sìmẹ́ńtì.

Eruku pupa wa, pàápàá nígbà ọyẹ́, máa ń wọ inú ibi tí okùn ti ń ká, tí kò fi ní fẹ́ padà mọ́. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ fa okùn jáde, ẹ fi nǹkan há a kó má bàa ká padà, ẹ fi kànìnkànìn nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán. Ẹ má lo bẹntiróòlù, ẹ má lo jíìkì. Wọ́n ń jẹ okùn.

Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń tà, tí a ń kì bọ ẹnu bẹ́líìtì kí agogo ìkìlọ̀ lè dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ nù. Tí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìtíì ta ẹ́ńjìnì, kí ẹ wo iná airbag lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yẹ kó tan, kó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tan rárá, ẹnì kan ti lè yọ gílóòbù rẹ̀ láti bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé airbag láìsí bẹ́líìtì lè ṣe yín léṣe, nítorí ó ń yọ pẹ̀lú eré tó ju ti ọkọ̀ lọ, nígbà tí ẹ̀yin náà ń já lọ bá a.

Ọkọ̀ tó bá ti ní ìjàǹbá tó le, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì tí èèyàn dè nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti fà, kò ní fà dáadáa lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó fọ́.

"Tí ọkọ̀ bá gbiná ńkọ́?"

Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí ní ojúde, ẹnì kan á béèrè rẹ̀. Wọ́n ní bẹ́líìtì á há èèyàn mọ́ inú iná tàbí inú odò. Ìjàǹbá tó ń gbiná tàbí tó ń bọ́ sómi kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kàn ń kọlu nǹkan. Ẹni tí orí rẹ̀ ti gbá gíláàsì, tó ti dákú, kò lè ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó de bẹ́líìtì ló máa wà lójúfò, tí á lè tẹ bọ́tìnì.

Ẹ fi ìtúsílẹ̀ kọ́ra nílé. Ẹ pa ojú dé, ẹ fi ọwọ́ wá bọ́tìnì pupa, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí àwọn ọmọ náà ṣe é. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, tí ẹ so rọ̀, ẹ fi ọwọ́ kan ti òrùlé ọkọ̀ gírígírí kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọrùn lẹ máa fi balẹ̀.

Lẹ́yìn ìjàǹbá, ẹ pe 122, nọ́ńbà pàjáwìrì Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, kò ná yín lówó. Ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn, ẹ má fà á jáde bí àpò gàrí, àfi tí iná bá ń bọ̀. Nígbà tí ìdágìrì bá rọlẹ̀, ẹ gbé aṣọ sókè, kí ẹ wo àyà àti ikùn. Ìlà pupa tàbí dúdú tí okùn fi sílẹ̀ lórí ikùn kì í ṣe ohun tí a ń fi òrí pa. Ìfun tàbí ọlọ inú lè ti ya lábẹ́ rẹ̀, ara á sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan títí di alẹ́. Ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, ti ìjọba ní Kábà tàbí Lọ́kọ́jà, èyí tó bá sún mọ́ yín ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ de bẹ́líìtì, kí ẹ sì fi ìlà náà hàn án.